Ta Ni Ká Pè Wá Tún Ilé Àwọn Àgbà Ṣe? Ìfiwéra fún Àwọn Onílé ní Ògbómọ̀ṣọ́

Òjò àkọ́rọ̀ ló máa ń tú àṣírí ilé tó ti pẹ́. Atẹ́gùn á kọ́kọ́ jà, páànù á máa lu igi, nígbà tí ilẹ̀ á bá fi mọ́, Màmá á ti gbé bàsíà sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọjọ́ yẹn gan-an ni gbogbo èèyàn máa ń ní oníṣẹ́ tí wọ́n mọ̀. Ọmọ tó wà l'Ékòó á ní òun ń fi ẹnì kan ránṣẹ́. Ọmọ àbúrò á ní òun náà kọ́ iṣẹ́ káfíńtà díẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì á ní kí Màmá fọkàn balẹ̀, àwọn ń bọ̀ ní Sátidé. Ọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rí á sì ti kan géètì, á ní láti ojú títì lòun ti rí i pé páànù wọn ti ṣí.

Gbogbo wọn ló lè wúlò fún nǹkan kan. Kì í ṣe gbogbo wọn ló yẹ kí àgbà tó dá wà nílé fi òrùlé tàbí wáyà iná lé lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn níbí, fún ẹ̀yin tí ẹ ní ilé lórí tí ọjọ́ orí sì ti ń lọ, àti fún ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́ láti òkèèrè.

Òṣùwọ̀n kan ni mo fi ń wọn gbogbo wọn, mo sì fẹ́ kí ẹ dì í mú kí ẹ tó béèrè iye owó: bí iṣẹ́ yìí bá bàjẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ṣé Bàbá tàbí Màmá lè fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é? Mo mọ̀ pé owó fẹ̀yìntì ò tó nǹkan. Mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àgbà ni kò ní owó fẹ̀yìntì rárá, oko àti ọjà ni wọ́n ti jẹun. Ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ owó àgbà jù ni kí wọ́n san owó iṣẹ́ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹni tó kan géètì àti ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ẹni tó ń kan géètì, torí òun ló máa ń kọ́kọ́ dé. Owó rẹ̀ kì í pọ̀. Ó ti gbé àkàbà dání, ó ṣe tán láti bẹ̀rẹ̀. Ó ń pe Màmá ní "Ìyá mi" bí ẹni tó ti mọ̀ wọ́n tipẹ́. Yóò ní ohun èlò ṣẹ́kù níbi tí òun ti ń ṣiṣẹ́ bọ̀, òun á bá wọn fi ṣe é ní ẹ̀dínwó, bó bá ṣáà ti lè jẹ́ lónìí. Ibi ìkánjú yẹn ni kí ẹ ti fura. Páànù tó ti ń jò láti ọdún tó kọjá lè dúró di ọ̀la, kí ẹ fi ráyè béèrè lọ́wọ́ ará àdúgbò. Bó bá gba owó ohun èlò lọ, tó ní òun ń lọ ra ìṣó, ẹ ò mọ ilé rẹ̀, ẹ ò mọ ọ̀gá rẹ̀, nọ́ḿbà fóònù nìkan ló wà lọ́wọ́ yín, ó sì lè pa á.

Oníṣẹ́ tó ní ṣọ́ọ̀bù yàtọ̀. Owó rẹ̀ lè ga díẹ̀, kì í sì í yá. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá yunifásítì LAUTECH sílẹ̀ lọ́dún 1990 ni ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pọ̀ sí i lápá Under G àti káàkiri àyíká rẹ̀, iṣẹ́ ńlá sì wà níbẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ wa. Páànù mẹ́ta tó ṣí lórí ilé Màmá kò lè bá ilé oníyàrá ogún dù ú. Ọ̀gá á ní òun ń bọ̀ lọ́la, ọ̀la á di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, nígbẹ̀yìn á rán ọmọ iṣẹ́ méjì wá. Ohun tó dun àwọn àgbà jù nípa oníṣẹ́ àdúgbò nìyí, ẹjọ́ wọn sì tọ́.

Síbẹ̀, òun ni mo máa ń yàn. Ìyá rẹ̀ ń tajà lọ́jà tí a jọ ń ná. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ṣì wà láyé. Ó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, ẹgbẹ́ náà ní alága, alága sì ní ilé. Bí iṣẹ́ bá bàjẹ́, ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló wà tó lè pè é jókòó.

Kí ẹ tó gbà á, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ òun nìkan ló ń wá sílé. Ẹ wò ó bóyá ìwé fíríìdọ̀mù rẹ̀ wà lára ògiri. Ẹ béèrè bóyá ó ní ìwé NABTEB, ìyẹn ìwé ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́, tàbí ìwé tíréèdì tẹ́ẹ̀sì ìjọba. Àìní ìwé yẹn kò sọ pé kò mọṣẹ́, ọ̀pọ̀ ọ̀gá àgbà ni kò ní in, ṣùgbọ́n ẹni tó ní in ti jókòó ṣe ìdánwò. Èyí tó ju ìwé lọ ni pé kó mú yín dé ilé tí òjò ọdún tó kọjá ti rọ̀ sórí iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ bá onílé yẹn sọ̀rọ̀ nígbà tí oníṣẹ́ kò sí nítòsí. Ilé tó ṣe tán lóṣù tó kọjá kò tíì jẹ́rìí kankan. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ bá ọ̀gá sọ ọ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló máa gun òkè, ọmọ iṣẹ́ á máa nawọ́ irinṣẹ́ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rí oníṣẹ́ gidi kan lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ti sọ fún Màmá kan ní ìgboro níbí pé gbogbo òrùlé wọn ni wọ́n máa ṣí dànù. Káfíńtà tó ní ṣọ́ọ̀bù ní àdúgbò wọn gun òkè lọ. Orí ibi tí igi wà lábẹ́ ló ń tẹ̀, kò tẹ àárín páànù. Ó fa ìṣó bíi mẹ́rin yọ, ó sọ̀ kalẹ̀, ó kó wọn sí àtẹ́lẹwọ́ Màmá.

"Màmá, ẹ wò ó. Rọ́bà tó wà lábẹ́ orí ìṣó yìí ti gbẹ, ó ti là. Ibẹ̀ lomi ń gbà wọlé. Páànù yín ṣì le."

Màmá fi èékánná họ rọ́bà náà, ó ń já wẹ́wẹ́ bọ́ sílẹ̀. "Ìṣó náà ni gbogbo owó tí wọ́n dá lé mi yìí?"

"Ìṣó ni, Mà. Àti ọ̀dà díẹ̀ níbi tí páànù ti gun ara wọn."

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Oòrùn ọ̀sán á mú páànù fẹ̀, òtútù òru á mú un sún kì, bó ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún ni ìṣó á máa yọ díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá dúró nílẹ̀ tó ní gbogbo òrùlé ló ti bàjẹ́, ẹ ní kó gùn ún, kó mú ohun tó rí sọ̀ kalẹ̀. Òótọ́ ni pé ìgbà mìíràn wà tí òrùlé ti parí lóòótọ́: bí ìpẹtà bá ti jẹ páànù débi pé kò lè di ìṣó mú mọ́, tàbí bí ikán bá ti jẹ igi abẹ́ rẹ̀. Wọ́n lè fi ìyẹn náà han onílé. Igi tí ikán ti jẹ, bí ẹ bá fi ọ̀bẹ gún un, ọ̀bẹ á wọlé láìjà.

Kọńgílá tí ọmọ rán wá, àti pípe oníṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan

Ọmọ tó wà lókèèrè fẹ́ràn kọńgílá, ó sì yé mi. Ẹnì kan ṣoṣo ni á máa pè lórí fóònù, ẹ̀ẹ̀kan ni á fi owó ránṣẹ́. Kọńgílá á wá bíríkìlà, á wá káfíńtà, á wá oníná. Bàbá á kàn máa jókòó sí iwájú ilé.

Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ mẹ́ta ló wọ inú ara wọn, òrùlé, síílìn àti wáyà iná lẹ́ẹ̀kan náà, kọńgílá lè tọ́ sí owó tó ń gbà. Bí kò bá sí i, Bàbá ló máa wà láàárín wọn. Bíríkìlà á ní káfíńtà ló ba ògiri jẹ́, káfíńtà á ní oníná ló gbẹ́ igi òun, onílé á sì máa san owó fún ìjà tí kì í ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ẹ̀rọ omi tó ń kán, ilẹ̀kùn tí kò tì mọ́, tàbí ògiri tó ṣí níbì kan, èrè kọńgílá nìkan lè ju owó iṣẹ́ náà lọ. Ẹ pe oníṣẹ́ fúnra yín.

Ìṣòro kọńgílá tó ti Ìbàdàn tàbí Ìlọrin wá ni pé àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ máa bá a padà lọ. Òṣùwọ̀n tí mo sọ lókè, ẹsẹ̀ Màmá kò dé Ìlọrin. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ ní kó fi oníṣẹ́ ìlú yìí sínú iṣẹ́ náà, kí ẹ sì gba orúkọ àti àdúgbò wọn. Ẹ yan ojú kan sílé, ọmọ ìyá tàbí aládùúgbò tí kò bẹ̀rù láti béèrè ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ àwòrán tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ má jẹ́ kó tàn yín. Àwòrán òrùlé tuntun tó ń dán kò fi igi abẹ́ rẹ̀ hàn. Ẹ ní kí wọ́n ya ohun tí wọ́n fẹ́ bò mọ́lẹ̀: igi kí síílìn tó bò ó, wáyà àti páìpù kí wọ́n tó rẹ́ ẹ.

Ọmọ ẹbí, àti àwọn tó wá ṣọ̀wẹ̀

Ọ̀wẹ̀ kì í ṣe nǹkan tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Ẹni tó fẹ́ mọ ògiri tàbí bo òrùlé á bẹ ọ̀wẹ̀, á se oúnjẹ, ogunlọ́gọ̀ á pé jọ, iṣẹ́ á sì parí lọ́jọ́ kan. Lónìí, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ẹgbẹ́ tí a jọ jáde níléèwé ló ń ṣe é. Àwọn onítẹ̀bọmi ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti ọdún 1855, ẹgbẹ́ ọkùnrin àti ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ wọn sì mọ ilé àwọn àgbà ìjọ. Àwọn mùsùlùmí náà kò fi ti opó ṣeré. Bí àgbà bá tijú láti béèrè, kí ọmọ bá a béèrè.

Ìrànlọ́wọ́ yìí dára gan-an fún iṣẹ́ tó gba agbára ṣùgbọ́n tí kò gba ìmọ̀ púpọ̀. Kí wọ́n kó pàǹtí kúrò nínú gọ́tà. Kí wọ́n ru iyanrìn àti búlọ́ọ̀kù wọlé. Kí wọ́n gé ẹ̀ka igi tó ń lu òrùlé láti ilẹ̀. Kí wọ́n kó ẹrù kúrò nínú yàrá tí wọ́n fẹ́ tún ṣe. Kí wọ́n kun ilé. Owó lébìrà tí ẹ bá rí yọ níbẹ̀, ẹ fi san owó ọ̀gá tó mọṣẹ́.

Ẹ má fi ọ̀wẹ̀ ṣe òrùlé, ẹ má fi ṣe iná, ẹ má fi gbẹ́ kànga tàbí wọ inú kòtò ìgbọ̀nsẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ lè pa èèyàn kó tó rí àyè pariwo, ẹni tó bá sì bẹ́ sílẹ̀ láti gbà á lè bá a lọ. Ọmọ ọlọ́mọ tó wá ràn yín lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, bó bá já láti òkè òrùlé, ta ló máa san owó ilé ìwòsàn? Mo mọ bí ọkàn àgbà ṣe ń rí lẹ́yìn irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Wọn kì í gbé e kúrò lọ́kàn láé.

Ti ọmọ ẹbí le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ò lè bá a ná ọjà bó ṣe yẹ, ẹ ò lè di owó rẹ̀ mú, bó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, ìpàdé ẹbí ni wọ́n á fi yanjú rẹ̀. Ohun tí mo rí pé ó dára jù ni pé kí ọmọ ẹbí jẹ́ ojú, kó má jẹ́ ọwọ́. Òun ni kó bá yín lọ ra ohun èlò, òun ni kó dúró ti oníṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́. Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ náà niṣẹ́ tó kọ́ lóòótọ́, ẹ san owó rẹ̀ pé, ẹ sì kọ ìwé pẹ̀lú rẹ̀ bí ẹ ṣe máa kọ ọ́ pẹ̀lú àjèjì.

Ó kan bí iṣẹ́ bá ṣe rí

Iná ni mo fẹ́ kí ẹ náwó lé jù. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ wa ni wọ́n ti fa wáyà sí nígbà tó jẹ́ gílóòbù àti rédíò ni gbogbo nǹkan tó wà nínú ilé. Ní báyìí, fíríìjì wà níbẹ̀, áyọ́ọ̀nù wà níbẹ̀, bóyá pọ́ǹpù omi pàápàá, lórí wáyà kan náà. Bí ògiri bá ń gbóná níbi súkẹ́ẹ̀tì, bí gílóòbù bá ń ṣẹ́jú nígbà tí fíríìjì bá bẹ̀rẹ̀, tàbí bí èèyàn bá fọwọ́ kan irin fíríìjì tó gbọ̀n ọ́n, kì í ṣe nǹkan tí a ń sún síwájú. Bí ẹ bá ṣí ojú fíúsì tí ẹ rí i pé ẹnì kan ti fi wáyà tó nípọn so ó kó má baà máa jó, ẹ pa iná ilé lójú ẹsẹ̀. Fíúsì tí kì í jó mọ́, ilé ni yóò jó.

Ẹ mọ ibi tí tiyín ti bẹ̀rẹ̀. Láti òpó dé mítà, IBEDC, iléeṣẹ́ tó ń pín iná, ló ni ín, ẹ má gbé ọmọ àdúgbò gun òpó, bó ti wù kí òkùnkùn pẹ́ tó. Láti mítà wọ inú ilé, onílé ló ni ín. Ẹni tó máa ṣe ti inú ilé, ẹ béèrè ìwé NEMSA lọ́wọ́ rẹ̀, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fún àwọn oníṣẹ́ iná ní ìwé ẹ̀rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ bi í léèrè irú wáyà tó fẹ́ rà. Ní orílẹ̀-èdè wa níbí, 1.5 mm ni wọ́n ń lò fún gílóòbù, 2.5 mm fún súkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fẹ́ lo 1.5 fún gbogbo rẹ̀ torí pé kò wọ́n, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Kí ẹ tó san owó wáyà, ẹ fi ọ̀bẹ ha irin inú rẹ̀. Bó bá jẹ́ bàbà, pupa ni á jẹ́ dénú. Bó bá funfun lábẹ́ pupa, wọ́n kàn fi bàbà bò ó lójú ni. Ẹ sì rí i pé wọ́n ri irin áàtì mọ́lẹ̀, òun ló ń gba iná tó bá ṣìnà dànù kó má baà gba ara èèyàn kọjá.

Síílìn àtijọ́ tó le bí àwo, tó ní àwọ̀ eérú, tí wọ́n ń pè ní asbestos, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òòlù fọ́ ọ. Eruku rẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, àìsàn rẹ̀ sì lè gbà ju ogún ọdún lọ kó tó yọjú. Bí kò bá tíì là, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá di dandan kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ wọ́n omi sí i, kí wọ́n tú u ní odindi, kí wọ́n bo imú dáadáa, kí wọ́n má gbá eruku rẹ̀ ní gbígbẹ. Kí Màmá àti àwọn ọmọdé má sí nílé lọ́jọ́ náà. Oníṣẹ́ tó bá rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ kó ṣe é.

Ògiri alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́, ohun tó ń bà á jẹ́ kì í sábà jẹ́ ara rẹ̀. Omi òrùlé ló ń ta sí ìdí rẹ̀. Bíríkìlà tó bá fẹ́ rẹ́ ẹ lásán, tí kò béèrè ibi tí omi ń gbà, ẹ máa tún pè é lọ́dún tó ń bọ̀. Kó kọ́kọ́ la ojú omi, kó ha ibi tó ti ṣí, kó kan wáyà oníhò bí àwọ̀n mọ́ ọn kí sìmẹ́ńtì lè rí nǹkan dì mú. Láti ọdún 2014 ni SON, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ojúlówó ọjà, ti fi lélẹ̀ pé sìmẹ́ńtì 32.5, ilé rírẹ́ nìkan ni kí wọ́n máa lò ó fún, 42.5 ni ká fi ṣe búlọ́ọ̀kù àti dẹ́kìn. Nọ́ḿbà náà wà lára àpò rẹ̀, ẹ ní kí ọmọ bá yín kà á.

Ti kíkun ilé, ẹnikẹ́ni tó bá ní sùúrù lè ṣe é.

Mo wá sórí ilé ìwẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ìdílé kì í kà sí àtúnṣe. Àwọn ọmọ á fi owó ránṣẹ́ pé kí wọ́n lẹ táìsì tó ń dán mọ́ ilẹ̀ kí ilé Màmá lè lẹ́wà. Táìsì tó ń dán, omi ọṣẹ àti ẹsẹ̀ àgbà kò bára wọn gbé. Àgbà tó bá ṣubú tí egungun ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́, ọ̀pọ̀ wọn ni kì í padà rìn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Nítorí náà, bí owó bá kù díẹ̀, kí ẹ tó ra ọ̀dà ògiri, ẹ ṣe mẹ́ta yìí: táìsì tí kì í yọ̀, irin ìdìmú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń jókòó àti ibi tí wọ́n ń wẹ̀, àti gílóòbù tó ń tàn lójú ọ̀nà láti yàrá dé ibẹ̀. Wẹ́dà àdúgbò lè fi páìpù tí kì í dípẹtà ṣe irin náà, owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó iṣẹ́ abẹ. Ṣùgbọ́n bíríkìlà ló gbọ́dọ̀ ri í mọ́ ògiri. Nígbà tó bá gbẹ tán, kí ọkùnrin tó sanra jù nínú ilé fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn. Bó bá mì, kí wọ́n tún un rì.

Owó: ibi tó ti máa wá àti bó ṣe máa jáde

Àjọ dára fún iṣẹ́ tí ẹ ti mọ̀ pé ó ń bọ̀, torí kò ní èlé, àmọ́ òjò kì í dúró de ìgbà tó bá kàn yín láti kó o. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó ju ohun tó fi pamọ́ lọ, èlé rẹ̀ kì í pọ̀, wọ́n sì máa ń béèrè onídùúró. Lóònù orí fóònù ń yá jù wọ́n lọ, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n èlé rẹ̀ wúwo, àsìkò ìsanpadà rẹ̀ kúrú, àwọn kan nínú wọn sì ń fi ọ̀rọ̀ ìbàjẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù onígbèsè. Mi ò lè gba àgbà kankan níyànjú láti fi lóònù orí fóònù tún ilé ṣe. Ẹ fara dà á fún òjò kan sí i, ẹ fi rọ́bà bo ibi tó ń jò, títí alájẹṣẹ́kù á fi dá yín lóhùn.

Bó bá kan sísan, ẹ ya owó ohun èlò sọ́tọ̀ kúrò lára owó iṣẹ́. Kí oníṣẹ́ kọ ohun tó nílò sílẹ̀, kí ẹ mú ìwé náà dé ṣọ́ọ̀bù méjì, kí ọmọ tàbí aládùúgbò bá yín rà á, kí rìsíìtì sì wá sọ́wọ́ yín. Ohun tó bá ṣẹ́kù, ti onílé ni. Owó iṣẹ́, ẹ pín in sí mẹ́ta: ìdá kan nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀, ìdá kan nígbà tó bá dé àárín, èyí tó kù lẹ́yìn tí ẹ bá ti yẹ̀ ẹ́ wò. Fún òrùlé, ẹ bá a ṣe é pé ìdá ìkẹyìn di ẹ̀yìn òjò ńlá kan. Oníṣẹ́ tó gbọ́kàn lé ọwọ́ ara rẹ̀ á gbà. Ojú ìwé kan ti tó láti kọ gbogbo èyí sí: orúkọ, iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe, iye, ọjọ́ tó máa parí, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i, kí ẹlẹ́rìí kan náà fọwọ́ sí i. Èyí tí kò lè kọ̀wé lè tẹ ìka.

Bí iye tí ẹnì kan dá bá fi púpọ̀ rẹlẹ̀ sí ti àwọn tó kù, ẹ bi í léèrè ohun tó yọ kúrò. Ọ̀wọ́n là á ra ògo, ọ̀pọ̀ là á ra ọ̀bùn.

Ìṣọ́ra nínú ilé

Kò sí bí oníṣẹ́ ṣe lè dáa tó, ẹ má wọ yàrá lọ mú owó níṣojú rẹ̀. Ẹ fi owó sí ìta ṣáájú, tàbí kí ọmọ fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ oníṣẹ́ fúnra rẹ̀, kì í ṣe ti "ẹ̀gbọ́n mi". Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní káàdì ATM àti nọ́ḿbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ pé kó bá yín gba owó wá. Kí ẹnì kan wà pẹ̀lú yín ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́, ìbáà jẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó wà ní ìsinmi. Bí kọ́kọ́rọ́ bá wà lọ́wọ́ wọn rí, ẹ pààrọ̀ àgádágodo nígbà tí iṣẹ́ bá parí.

Ìwé ilẹ̀ ni mo fẹ́ pariwo rẹ̀ jù. Ẹni tó bá ní òun lè bá yín rí owó àtúnṣe gbà níbì kan, kí ẹ kàn mú ìwé ilẹ̀ tàbí ìwé ilé wá kí òun fi hàn wọ́n, ẹ sìn ín dé géètì. Àtúnṣe ilé kò nílò ìwé ilẹ̀. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé tí ọmọ yín kan kò tíì kà, bó ti wù kí ẹni tó mú un wá máa dọ̀bálẹ̀ tó.

Bí iṣẹ́ bá bàjẹ́

Ẹ kọ́kọ́ pè é, ẹ fi hàn án, ẹ sì ya àwòrán rẹ̀. Ọ̀pọ̀ á wá tún un ṣe, pàápàá bí ìdá owó rẹ̀ bá ṣì wà lọ́wọ́ yín. Bó bá kọ̀, ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló kàn, lẹ́yìn náà alága ẹgbẹ́ wọn. Ẹgbẹ́ kì í fẹ́ kí orúkọ iṣẹ́ wọn bàjẹ́, wọ́n sì lè rán oníṣẹ́ mìíràn wá parí rẹ̀. Mọ́gàjí tàbí baálé agboolé náà lè pe ìpàdé. Bí gbogbo rẹ̀ bá já sí òfo, kóòtù ìbílẹ̀ wà, ìwé tí ẹ jọ fọwọ́ sí àti rìsíìtì ni ẹ máa mú dé ibẹ̀. Ẹni tí kò ní ìwé, ẹnu lásán ló máa fi rojọ́.

Bó bá jẹ́ pé ẹ ò tíì pe ẹnikẹ́ni, ẹ wo oṣù tí a wà. Láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, ọyẹ́ ń fẹ́, ilẹ̀ gbẹ, káfíńtà lè gun òkè láìsí ìbẹ̀rù. Bó bá ti di oṣù kẹta tí òjò ti ń ṣú, gbogbo ìlú ló máa pè é lẹ́ẹ̀kan náà, owó iṣẹ́ á ga, ọmọ iṣẹ́ ni ẹ sì máa rí. Kí ẹ ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí ọdún tó yí.